Ìlú Tí A Kì Í Sọ̀kalẹ̀ Sí

Ẹni tó bá ti gba ọ̀nà Ìbàdàn lọ sí Ọ̀yọ́ rí ti rí Fìdítì, ì báà jẹ́ láti ojú fèrèsé ọkọ̀. Dírẹ́bà á rọra, àwọn ọlọ́sàn á sáré wá, ọsàn á gba ojú fèrèsé wọlé, owó á gba ibẹ̀ jáde, ọkọ̀ á sì ṣí. Gbogbo rẹ̀ kì í tó ìṣẹ́jú márùn-ún. Ká tó mu ọsàn díẹ̀ tán, a ti ń kọjá Ìlọrà. Ká tó nu ọwọ́, a ti wọ Ọ̀yọ́. Ó ti pẹ́ tí àwa tí à ń kọ ọ̀rọ̀ yìí ti ń kọjá níbẹ̀ bẹ́ẹ̀, nígbà Kérésì, nígbà Iléyá, lọ́jọ́ ìgbéyàwó ọ̀rẹ́. Ẹ bi wá ní iye tí wọ́n ń ta ọsàn, a ó dá yín lóhùn. Ẹ bi wá ní orúkọ àdúgbò kan ṣoṣo nínú ìlú náà, a ò mọ̀ ọ́n.

Inú ọkọ̀ yẹn ni ìbéèrè tí a fẹ́ bá yín yẹ̀ wò lónìí ti wá. Ìlú wo ló yẹ kí èèyàn fi ìsinmi rẹ̀ lọ wò? Ta ló ń pinnu pé ibì kan tó wò, pé ibòmíràn ò tó wò? Bí a bá sì lọ, ǹjẹ́ a jẹ àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ní nǹkan kan, àbí owó ìwọlé tí a san ti tó?

Ẹ jẹ́ ká sọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà là ń ṣe, àwa mẹ́rin. A jọ kàwé ni, a sì jọ ń kọ ètò orí fóònù títí di òní. Nígbà tí ọdún ń parí lọ, a ní ká ṣe áàpù kékeré kan fún àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ rìnrìn àjò nílẹ̀ Yorùbá tí wọn ò mọ ibi tí wọ́n lè lọ. A ya àtẹ sílẹ̀: orúkọ ibi, ohun tí èèyàn lè wò níbẹ̀, owó ìwọlé, bí ọ̀nà ṣe rí, àti iye ìràwọ̀ tí ibẹ̀ gbà nínú márùn-ún.

Àwọn kan ò gba wàhálà rárá. Ìdànrè: òkè gàgàrà, àtẹ̀gùn tó lé ní ẹgbẹ̀ta, àti ahoro ìlú àtijọ́ lókè lọ́hùn-ún. Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà: omi Olúmirìn tó ń já láti ìpele dé ìpele. Ìkógòsì: omi gbígbóná àti omi tútù tó ṣàn pàdé ara wọn. Abẹ́òkúta: Òkè Olúmọ. Adó-Àwáyè: adágún omi Ìyákẹ̀ tó jókòó sórí òkè. Èkó: Tarkwa Bay, etíkun tó jẹ́ pé ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ń wọ̀ débẹ̀. Ìràwọ̀ mẹ́rin, ìràwọ̀ márùn-ún, à ń fún wọn lọ bí ẹni ń pín ṣúìtì.

Ọ̀kan nínú wa, tí ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ìlọrà, ní ká fi àwọn ìlú Afijió sí i. Orúkọ Afijió gan-an, lẹ́tà orúkọ àwọn ìlú ni wọ́n ṣà jọ: Fìdítì wà níbẹ̀, Ìlọrà wà níbẹ̀, Jọ́bẹlẹ̀ tó jẹ́ olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ náà wà níbẹ̀. A kọ orúkọ wọn sí àtẹ. Nígbà tó kan "ohun tí èèyàn lè wò," gbogbo wa dákẹ́. A fi í sílẹ̀ lófìfo, a bọ́ sí iṣẹ́ mìíràn. Nígbà tí a wá gbé áàpù náà wò lórí fóònù, ètò tí a fọwọ́ ara wa kọ ti sọ òfìfo yẹn di òdo. Òdo nínú márùn-ún, gbangba, lábẹ́ orúkọ Ìlọrà.

Àwa mẹ́ta rẹ́rìn-ín. Ẹnì kẹrin wa kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Òdo kẹ̀? Ìlú ìyá mi?"

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ iṣẹ́ yìí ti mọ àṣìṣe tí a ṣe. Òfìfo, tí à ń pè ní null, àti òdo kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà. Òdo túmọ̀ sí pé a ti kà á, a ò rí nǹkan kan. Òfìfo túmọ̀ sí pé a ò tíì mọ̀. Bí ẹnì kan ò bá sọ ọjọ́ orí rẹ̀ fún ọ, o ò lè kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọn ò tíì bí i. Ọ̀sẹ̀ kìíní ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n ti kọ́ wa ní èyí. Ṣùgbọ́n ohun tí a kò gbọdọ̀ ṣe nínú kọ̀ǹpútà ni à ń ṣe sí odidi ìlú, ọdọọdún, láti ojú fèrèsé: a ò mọ nǹkan kan nípa wọn, a wá sọ ọ́ di pé kò sí nǹkan kan lọ́dọ̀ wọn. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́ pé àlejò lójú, kò fi ń ríran. Àwa kì í tilẹ̀ ṣe àlejò níbẹ̀. Èrò ọkọ̀ ni wá.

A pinnu pé a ó lọ kún àlàfo náà. Ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù Kejìlá, a sọ̀kalẹ̀ ní Fìdítì fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé wa.

Ẹ má jẹ̀ẹ́ ká purọ́ fún yín, kò sí òkè tó ń kan sánmà níbẹ̀, kò sí òkun. Ọjà èso wà létí títì. Ọsàn tí wọ́n tò lórí tábìlì bí òkìtì, òkìtì kọ̀ọ̀kan ní iye tirẹ̀. Ọsàn nínú àpò. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, ìbẹ́pẹ. Ìyá kan jókòó sórí àpótí, abẹ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń bó ọsàn láìwo ọwọ́ ara rẹ̀, èèpo ń jábọ́ láìjá, gígùn kan báyìí. Ọ̀kan nínú wa yọ fóònù, ó nà án sí i.

Ìyá náà gbé ọwọ́ bojú. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ṣé ẹ ti kí mi?"

Ẹ gbọ́, ojú tì wá. Nílé baba ta ni wọ́n ti kọ́ wa pé kí a dé ọ̀dọ̀ àgbà kí a má kí i? A dọ̀bálẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ibi olè. "Ẹ kú ọjà o, Mà. Ajé á wọ igbá." Ó ní, "Àmín o, ẹ̀yin ọmọ mi," ó sì ti bẹ́ǹṣì kan sí wa pẹ̀lú ẹsẹ̀. A jókòó. A ra ọsàn. A mu ún níbẹ̀. Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ó sọ ìdí tí kì í fi í jẹ́ kí wọ́n ya òun. Ẹnì kan ti yà á rí láti inú ọkọ̀. Ọmọ rẹ̀ tó wà l'Ékòó ló rí fọ́tò náà lórí fóònù, ẹni tó gbé e síta sì kọ sí abẹ́ rẹ̀ pé kí aráyé wá wo ìyà. "Ìyà kẹ̀?" ni ìyá náà wí. "Ọjọ́ yẹn gan-an ni mo tà jù lọ́dún yẹn! Òógùn ló wà lójú mi, wọ́n ní ẹkún ni." Ó rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà ò pẹ́. Ọmọ rẹ̀ ti pè é lọ́jọ́ náà, ó ń bi í bóyá ebi ń pa á, bóyá nǹkan ti bàjẹ́ nílé tí wọn ò sọ fún òun. Ìtìjú ni ẹni tó ń pọ́n lójú ọkọ̀ fi ránṣẹ́ sí ilé onílé, kò sì mọ̀ títí dòní.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan wà níbẹ̀ tó ń gbé àpò ọsàn, kò lè ju ọmọ ogún ọdún lọ. Ó gbọ́ ohun tí a wá ṣe, ó sì fèsì kó tó di pé wọ́n bi í. "Bọ̀ọ̀dá, ẹ má dá àǹtí mi lóhùn jàre. Ẹ yà á, ẹ gbé e síta. Àwọn tó ń lọ sí Ìdànrè, ṣebí wọ́n ń náwó níbẹ̀? Ọsàn kì í dúró deni. Bí a kò bá tètè rí oníbàárà, inú àpò ló ń jẹrà sí. Ẹ ní káwọn èèyàn wá!" Àǹtí rẹ̀ wò ó, ó ní, "Wá ṣe kí ni? Wá wò mí?" Ó ní, "Kí wọ́n wá rà á!" Àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn, àwa jókòó sáàárín bí ẹni tó lọ kó ejò wọ ilé wọn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le nìyẹn. Àwa rò pé ìbéèrè wa ni bóyá Fìdítì tó ohun tí à ń fi han ayé. Ìbéèrè tiwọn ni bóyá wọ́n fẹ́ kí a fi wọ́n hàn, ẹni méjì nínú ìdílé kan ò sì fohùn ṣọ̀kan.

Ọ̀rọ̀ tí ìyá náà ń bẹ̀rù kì í ṣe àròsọ. Ìlú kékeré kan wà létí adágún omi lórílẹ̀-èdè Austria, Hallstatt lórúkọ rẹ̀. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ò tó ẹgbẹ̀rún kan. Ó rẹwà débi pé wọ́n kọ́ irú rẹ̀ sí ilẹ̀ Ṣáínà ní 2012. Àlejò pọ̀ níbẹ̀ débi pé ní 2023 wọ́n fi pákó dí ibi tí àwọn èèyàn ti máa ń ya fọ́tò ara wọn, kó tó di pé wọ́n tún tú u kúrò nígbà tí ariwo pọ̀. Lọ́dún 2024, ìlú Fujikawaguchiko ní Japan ta àwọ̀n dúdú tó ga tó mítà méjì ààbọ̀ sí etí títì kí àwọn èèyàn má baà rí Òkè Fuji yà láti ibẹ̀ mọ́. Lọ́dún kan náà, Venice ní Ítálì bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó Yúrò márùn-ún lọ́wọ́ àlejò tó wá lówùúrọ̀ tó fẹ́ lọ nírọ̀lẹ́, láwọn ọjọ́ tí èrò pọ̀ jù. Ẹ wò ó: onílé ló ń fi aṣọ bo ẹwà ilé ara rẹ̀ kí ó lè ráyè sùn.

Ẹ lè ní, ìyẹn jìnnà. Tiwa ò tíì débẹ̀, àìsí àlejò ló ń ṣe wá. Òótọ́ ni, ohun tí ọmọkùnrin yẹn ń sọ nìyẹn. Ó sì yẹ ká ṣọ́ra, nítorí ìwà ìgbéraga kan wà tó máa ń fara jọ àánú. Ẹni tó ń gbé nílùú ńlá, tí iná àti iṣẹ́ wà lọ́dọ̀ rẹ̀, á ní kí ìlú kékeré má yí padà, kí ó dákẹ́ rọ́rọ́, kí òun lè máa rí ibi sinmi nígbà tí ara bá kan òun. Òun ń gbádùn ìdákẹ́jẹ́ẹ́, ọsàn ẹlòmíràn ń jẹrà. Kò sẹ́ni tó fún wa láṣẹ láti fi ìlú onílùú pamọ́.

Kí ló wá yẹ ní ṣíṣe? Kí a tó dáhùn, ẹ jẹ́ ká dé Ìlọrà.

Ilé àwọn ìyá ọ̀rẹ́ wa la lọ. Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ bi wá pé kí la wá wò, a ní àwa náà ò mọ̀. Bàbá náà wá bẹ̀rẹ̀ ìtàn àwọn abúlé oko tí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn dá sílẹ̀. Láti 1959 ni ìjọba náà ti bẹ̀rẹ̀ ètò yẹn, wọ́n wo àpẹẹrẹ moshav ilẹ̀ Ísírẹ́lì, Ìlọrà sì wà lára ibi tí wọ́n ti dá irú rẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀dọ́ tó ti jáde ilé ìwé ni wọ́n ń wá. Wọ́n á kọ́ wọn ní iṣẹ́ àgbẹ̀ ìgbàlódé, wọ́n á fún wọn ní ilẹ̀, ilé àti owó yíyá, kí wọ́n lè rí i pé ẹni tó kàwé lè gbé oko kí ayé rẹ̀ sì dára bíi ti ará ìlú ńlá. Owó tó ná wọn pọ̀, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ sì fi ibẹ̀ sílẹ̀.

A dákẹ́, à ń gbọ́. Àwa tí a jókòó síwájú bàbá yẹn, ọmọ tí ètò yẹn ò rí dá dúró ni wá. Kọ̀ǹpútà la gbé, Èkó la wà, ọ̀nà Ìlọrà là ń gbà kọjá. Ìbéèrè tí ìjọba fi ilẹ̀ àti owó bi àwọn ọ̀dọ́ níbẹ̀ láyé ìgbà náà, àwa náà ti fi ẹsẹ̀ wa dáhùn rẹ̀, láìmọ̀ pé wọ́n bi wá. Ohun tí a rí ní Ìlọrà nìyẹn. Ẹ sọ fún wa, abẹ́ àlàfo wo nínú àtẹ la fẹ́ kọ ọ́ sí? Ìràwọ̀ mélòó ni?

Níbẹ̀ la ti rí ìdáhùn sí ìbéèrè kìíní. Ibì kan ò jẹ wá ní gbèsè ẹwà kó tó lè jẹ́ ìlú. Ìdànrè kò di òkè nítorí tiwa, Ìlọrà ò sì kùnà nítorí pé kò ní òkè. Kò sí ẹni tó pọn dandan fún wa láti lọ síbi gbogbo, ìsinmi ò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ohun tí a jẹ gbogbo ìlú tí a kò tíì sọ̀kalẹ̀ sí ni pé kí a pe àìmọ̀ wa ní àìmọ̀.

Ìbéèrè kejì ló le: bí a bá dé ibẹ̀, kí la lè mú kúrò, kí la lè fi hàn? Nínú iṣẹ́ wa, à ń bẹ̀rù ohun tí kò ṣeé dá padà ju ohunkóhun lọ. Bí o bá kọ ètò tó lábùkù, o lè dá a padà sí bó ṣe wà lánàá. Bí o bá nu àkójọ ìsọfúnni oníbàárà tí kò sì sí ẹ̀dà rẹ̀, ó parí nìyẹn. Nítorí náà, bí ohun tí a fẹ́ ṣe bá ṣe ṣòroó dá padà tó, bẹ́ẹ̀ ni iye èèyàn tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i ṣe ń pọ̀ tó. Fọ́tò tó ti dé orí íntánẹ́ẹ̀tì ò ṣeé dá padà. Orúkọ burúkú tí a fún ìlú ò rọrùn láti dá padà. Àlejò tó ti mọ ọ̀nà ibì kan ò lè gbàgbé rẹ̀ nítorí pé ilẹ̀ ibẹ̀ ti ń bàjẹ́.

Ta ló wá lè fọwọ́ sí i fún odidi ìlú? A ronú lé èyí títí. Ohun tí ó jẹ́ ti ẹnì kan, bí ojú rẹ̀, ìsọ̀ rẹ̀, ìtàn ilé rẹ̀, òun nìkan ló lè yọ̀ǹda rẹ̀, kódà bí ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá gbà. Ṣùgbọ́n ọjà tó kọjú sí títì ti ń pe oníbàárà tipẹ́ ká tó dé. Ẹni tó bá júwe rẹ̀ fún oníbàárà ò tú àṣírí kankan. Ohun tí a sì ń ṣọ́ nínú gbogbo rẹ̀ ni pé kí àlejò wọlé ní ìlànà onílé. Ẹ wo Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo. Ìjọba àpapọ̀ kà á sí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní 1965, UNESCO fi orúkọ rẹ̀ sí ìwé ogún àgbáyé ní 2005, àlejò sì ń tibi gbogbo wá. Síbẹ̀ àwọn olùjọsìn Ọ̀ṣun ṣì ń bọ̀ wá bọ ohun tí wọ́n ń bọ, nítorí ibẹ̀ ti jẹ́ ohun ọ̀wọ̀ lójú onílé kó tó di ohun wíwò lójú àlejò. Susanne Wenger tó ti Austria wá, tó bá àwọn oníṣẹ́ ọnà ìlú náà tún igbó náà ṣe, ó kọ́kọ́ jókòó ti àwọn onílé ni.

A padà sídìí áàpù wa. A yọ gbogbo ìràwọ̀ kúrò, ti Ìdànrè pàápàá. A pa àlàfo "ohun tí èèyàn lè wò" rẹ́, a fi "ohun tí ẹ lè bá wọn ṣe níbẹ̀" dípò rẹ̀. Ní ti Ìdànrè, ẹ lè bá ará ìlú gun òkè kí ó sọ ìtàn rẹ̀ fún yín. Ní ti Ìlọrà, ẹ lè béèrè ìtàn abúlé oko lọ́wọ́ àgbà. Ní ti Fìdítì, ẹ lè ra ọsàn, ẹ jókòó, ẹ mu ún níbẹ̀. Ọ̀kan nínú wa ò tíì gbà tán o. Ó ní áàpù tí kò ní ìràwọ̀, ọ̀dọ́ kankan ò ní lò ó, bí wọn ò bá sì lò ó, ọsàn ọmọkùnrin yẹn ṣì máa jẹrà. Ó lè jẹ́ òun ló tọ̀nà. A ṣì ń bá a jiyàn.

Kí a tó gbé e jáde, a pe ìyá náà lórí fóònù, a ka ohun tí a kọ nípa ọjà wọn sí i létí. Ó gbọ́ ọ tán. Ó ní ó dáa, ṣùgbọ́n kí a fi kún un pé kí àwọn èèyàn má máa nájà bí ẹni ń jà. Ọmọkùnrin náà gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní kí a kọ ọ́ pé ẹni tó bá fẹ́ odindi àpò lè rí i rà lówùúrọ̀. A kọ méjèèjì.

Ní ìsinmi tó ń bọ̀, ọ̀pọ̀ nínú yín á tún gba ọ̀nà yẹn. Ọkọ̀ á rọra ní Fìdítì, ọwọ́ á na ọsàn sí yín láti ojú fèrèsé. Bí àyè bá wà, ẹ ní kí dírẹ́bà dúró. Ẹ sọ̀kalẹ̀. Ẹ fi fóònù sápò ná. Ẹ kí wọn.